Nánófábà àti orúnkún tí ACL rẹ̀ já

Ará Ṣàgámù:
Tí ACL, okùn inú orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, bá já, kì í sábà so padà fúnra rẹ̀, torí omi inú orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sójú ibi tó já. Iṣan ẹ̀yìn itan tàbí ti iwájú orúnkún ni wọ́n sábà ń gé fi rọ́pò rẹ̀. Nánófábà, ìyẹn fọ́nrán ike tín-ín-rín tí wọ́n fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hù lé lórí di iṣan tuntun, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí jù. Wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ PCL, ike kan tó ń tán díẹ̀díẹ̀ nínú ara, wọ́n á fà á sínú ṣíríńjì, wọ́n á wá so iná volt 10,000 sí 20,000 mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́. Iná yìí ló ń fa ike náà di fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Rílá, ìyẹn òpó roboto tó ń yí kíákíá, ló ń tò wọ́n sápá kan, bí òwú tí aláṣọ-òfì ta. Tí rílá bá lọ́ra, fọ́nrán á lọ́ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì náà á sì hù wúruwùru.

Ará Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé ihò àárín fọ́nrán máa ń há, sẹ́ẹ̀lì á kàn jókòó sórí, kò ní wọlé. PCL ń lò ju ọdún 2 lọ nínú ara kó tó tán, PLGA, ike mìíràn bẹ́ẹ̀, kì í ju oṣù mélòó kan lọ. Èyí tó bá yára tán ń já ẹrù sílẹ̀ kí iṣan tuntun tó lè gbé e.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ohun yòówù kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má fi ìdánrawò ṣeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí orúnkún nà tán: ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ fún iṣan iwájú itan pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìrora ti lọ, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni iṣan tí wọ́n fi sí i rọ jù, torí ara ń tú u ká kó tó tún un hun. Ẹ má kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ẹ má dọ̀bálẹ̀ níbi ìdána. Ẹ ṣàlàyé, kí ẹ dúró kí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí fa orúnkún náà. Bọ́ọ̀lù di ìgbà tó bá pé oṣù 9, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fò, kí ẹ wọ̀n ọ́n: tí ẹsẹ̀ tó dá bá fò 150 sẹ̀ǹtímítà, kí èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún fò tó 135, ó kéré tán.