Block copolymer lórí ojú tó yọ gegele: kí ló ń da ìtò rẹ̀ rú?

Fíìmù_Fẹ́lẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Block copolymer (pọ́límà oríṣi méjì tí a so pọ̀, tó máa ń to ara rẹ̀) tí mò ń lò ni PS-b-PMMA 46k–21k (ìwọ̀n mólékù PS àti ti PMMA), 1% nínú toluene. Mo ń sè é ní 190 °C nínú vacuum fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà mo ń fi UV àti acetic acid yọ ọ̀pá PMMA kúrò kó lè di ihò. Lórí sílíkọ́nì pẹrẹsẹ, ihò rẹ̀ tò dáadáa. Lórí gegele gíláàsì tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1 µm, orí gegele ò ní ihò rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kún fún àlébù. Ṣé bí ojú náà ṣe tẹ̀ ló fà á, àbí bí mo ṣe tẹ́ fíìmù?

Adékẹ́mísìrì: Ọ̀tọ̀ ni ti orí, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀gbẹ́. Ní ti orí, ẹ wo bí fíìmù ṣe nípọn tó. Ní 190 °C pọ́límà ń ṣàn. Lórí rédíọ́ọ̀sì 1 µm, ìfà ojú rẹ̀ (bíi 30 mN/m) ń tì í kúrò lórí gegele pẹ̀lú nǹkan bí 60 kPa. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ jù, ọ̀pá PMMA ò ní dúró ṣánṣán mọ́. Ẹ má gbára lé ellipsometer (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí fíìmù ṣe nípọn tó): ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju gegele lọ. Ẹ gé e, kí ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé lábẹ́ SEM (maikirosíkóòpù elẹ́kítíróònì). Ẹ dín àkókò sísè kù, kí ẹ sì rí i pé P(S-r-MMA) abẹ́ rẹ̀ (ìpele tí kì í fa PS tàbí PMMA ju ìkejì lọ) bo gíláàsì náà délẹ̀.

Onígun: Ti ẹ̀gbẹ́, òfin Euler nípa ìtò lórí ojú tó tẹ̀ ni. Lórí ojú pẹrẹsẹ, ihò kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́gbẹ́ 6. Lórí odindi bọ́ọ̀lù, ihò tó ní ẹlẹ́gbẹ́ 5 gbọ́dọ̀ fi 12 ju àwọn tó ní 7 lọ, sísè ò lè pa á rẹ́. Ìdajì bọ́ọ̀lù gba àlékún 6 dípò 12. Gegele tó dagẹ̀rẹ̀ dé 60° gba 3, ti 30° ò tó ẹyọ kan (0.8). Ẹsẹ̀ gegele, níbi tó ti tẹ̀ bíi gàárì, àwọn 7 ló ń fà. Àlàfo ihò yín á tó 35 nm, rédíọ́ọ̀sì sì fi bí ìlọ́po 28 jù ú lọ, nítorí náà 5 kan ò ní dá dúró: ó máa wọ́ okùn 5-7 (àwọn 5 àti 7 tó tò tẹ̀ léra) lẹ́yìn.

Ẹ tẹ́ fíìmù kan náà sórí okùn gíláàsì tó nípọn bákan náà. Ìhà kan ṣoṣo lòun tẹ̀ sí, kò pọn dandan kó ní àlébù kankan. Bí àlébù bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, títẹ́ tàbí sísè ló fà á.

Fíìmù_Fẹ́lẹ́: Ṣé kí n kàn máa ka 5 àti 7 lórí àwòrán SEM?

Onígun: Rárá o. Lórí ìdagẹ̀rẹ̀ 30°, àlàfo 35 nm á hàn bíi 30, Delaunay (ìṣirò tó ń so ihò mọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀) sì lè so àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ pọ̀. Ẹ fi gíga tí AFM (ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tó ń wọn gíga ojú nǹkan) wọ̀n gbé ihò kọ̀ọ̀kan padà sórí gegele kẹ́ ẹ tó so wọ́n. Ẹ yọ ìlà 2 létí àwòrán kúrò, torí ẹlẹ́gbẹ́ wọn ò pé.