Ètò kọ̀ǹpútà wo ló lè fi ìwé Yorùbá mi wé ti àwọn àgbà òǹkọ̀wé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà, ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, ó sì wù mí gan-an láti mọ òǹkọ̀wé Yorùbá tí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ̀wé jọ tirẹ̀. I Write Like, ìkànnì ayélujára tó jáde ní 2010, kò wúlò fún mi, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi wéni. Ti stylo, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R, ló wù mí jù: iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi «ni» àti «sì» fara hàn ló ń kà.

Àkọtọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ɛ àti ɔ ni mo fi kọ tèmi, bí a ti ń ṣe ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ àti ọ ló wà nínú ìwé Nàìjíríà. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan? Àmì ohùn ńkọ́? Bí mo bá yọ ọ́, «kọ» àti «kọ́» á dàpọ̀. Ẹni tó bá ti fi Yorùbá dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?