Púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ oníná àti bí iná ṣe ń yára wọ bátìrì: ìbéèrè láti Leeds, ìdáhùn láti Manchester àti Houston

Ìbéèrè láti Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra Nissan Leaf àlòkù kan, ti ọdún 2019, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú). Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ilé dé ilé ni mò ń ṣe, nítorí náà mo máa ń wakọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kì í lọ jìnnà. Ohun tó ń dà wá lọ́kàn rú ni pé ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà ń dárúkọ Type 2 àti CHAdeMO, 7 kW àti 50 kW, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ta ṣájà fún wa ń rọ̀ wá pé èyí tó jẹ́ 22 kW ni kí a rà nítorí pé òun ló yára jù. Ilé tí a háyà ni à ń gbé, ṣùgbọ́n ó ní àyè tí a lè gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí a mọ̀ kí a tó sanwó?

Ìdáhùn láti Manchester

Àbúrò mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọkọ̀. Oníṣẹ́ iná ni mí ní ìlú yìí, ṣájà ọkọ̀ sì wà lára ohun tí mo máa ń fi sí ilé àwọn èèyàn. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ lórí 22 kW yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra fún yín: bí ẹnu púlọ́ọ̀gì ṣe rí, bí iná tí ṣájà lè fúnni lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó (kW ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), àti bí iná tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta yìí ló ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe tètè kún, òun gan-an sì ni àwọn tó ń ta ṣájà kì í mẹ́nu kàn.

Iná DC, èyí tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ni bátìrì ń tọ́jú, iná AC, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ló sì ń wọ inú ilé wa. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ oníná kọ̀ọ̀kan tó ń sọ AC di DC kí ó tó dé inú bátìrì. Àpótí tí a ń kàn mọ́ ara ògiri kò ṣe ìyípadà yẹn rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi AC ránṣẹ́ sí ọkọ̀ lọ́nà tí kò léwu, kí ó sì pa á nígbà tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ inú irú Leaf tí ẹ ń wò yẹn kì í gbà ju 6.6 kW lọ, kódà àwọn mìíràn wà nínú wọn tí kò ju 3.6 kW lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á ní pàtó. Bí ẹ bá so ó mọ́ ṣájà 22 kW, 6.6 kW náà ni yóò máa fà. Bí omi ẹ̀rọ ṣe wù kó máa ya tó, kèrègbè ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní gbà ju bí ọrùn rẹ̀ ṣe mọ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 22 kW ń fẹ́ iná onífésì mẹ́ta (èyí tí wáyà mẹ́ta ń gbé iná rẹ̀ wọlé), bẹ́ẹ̀ onífésì kan ni iná tó ń wọ ọ̀pọ̀ jù lọ ilé gbígbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ dé láti ibi iṣẹ́ tí bátìrì kù sí 20%, tí ẹ sì fẹ́ kí ó dé 80% kí ilẹ̀ tó mọ́: ìyẹn jẹ́ 24 kWh nínú 40. Wáyà tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta ti ilé lásán sábà máa ń fa 10 áńpù, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 2.3 kW, nítorí náà yóò gbà tó wákàtí mọ́kànlá sí méjìlá nígbà tí a bá ka ìwọ̀nba iná tó ń ṣòfò sí ooru mọ́ ọn. Àpótí ara ògiri tí wọ́n ń pè ní 7 kW, tó ń fúnni ní 32 áńpù lórí iná 230 fóòtì, yóò parí iṣẹ́ kan náà ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ṣájà DC 50 kW tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kì í lo ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rárá, tààrà sínú bátìrì ni ó ń da iná, yóò sì ṣe é ní nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn 80%, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dín iye iná tó ń gbà kù kí bátìrì má baà bàjẹ́, nítorí náà kò sí èrè nínú kí ẹ máa dúró de 100% níbi ṣájà DC nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wà lórí ìlà.

Ní ti púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ìdérí tó wà níwájú ọkọ̀ náà, ẹ óò rí ẹnu méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó kéré, tó ní ihò méje, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ni Type 2. Òun ni ti AC, òun náà sì ni ẹ óò máa lò ní ilé àti ní ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn Leaf tó jáde ṣáájú ọdún 2018 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní èyí, Type 1 oníhò márùn-ún ni tiwọn. Èyí tó tóbi tó sì rí roboto ni CHAdeMO, tó wá láti ilẹ̀ Japan, tí ó wà fún DC nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù lónìí ń lo CCS2, ìyẹn Type 2 kan náà tí wọ́n fi ihò ńlá méjì kún nísàlẹ̀ fún DC.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gidigidi. CHAdeMO ti ń dín kù. Nissan fúnra wọn fi CCS2 sí Ariya, ọkọ̀ oníná wọn mìíràn, tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun ni kò sì fi CHAdeMO sí i mọ́, tàbí kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Fún iṣẹ́ tí ẹ ṣàlàyé, tí ọkọ̀ yóò máa sùn sílé, tí yóò sì máa gba iná lóru, Leaf yìí yóò sìn yín dáadáa, owó rẹ̀ náà sì máa ń rọjú nítorí ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ óò máa lọ sí London fún òde ní òpin ọ̀sẹ̀ púpọ̀, mo gbà yín níyànjú kí ẹ wá ọkọ̀ tó ní CCS2.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi wáyà ẹ̀síténṣọ̀n tí a ń lò fún tẹlifíṣọ̀n gbé iná fún ọkọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fà gba ojú fèrèsé, tí èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ṣì wà ní wíwé, tí ike ara rẹ̀ sì ti ń rọ̀ nítorí ooru. Fífa 10 áńpù fún wákàtí mẹ́wàá kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú fífi kẹ́tù se omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá ní láti lo sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí ẹ sì fọwọ́ kan ojú púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró níbẹ̀, tàbí tí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú bá yọ létí ihò rẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ ayálégbé, ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Ìjọba ní owó ìrànwọ́ fún àwọn ayálégbé tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ìlànà rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2022 ni òfin ti sọ pé ṣájà ilé tuntun gbọ́dọ̀ lè yan àsìkò tí yóò gba iná, èyí yóò sì wúlò fún yín bí ẹ bá wà lórí ètò owó iná tó dínwó lóru. Iná ṣájà DC ìta sábà máa ń wọ́n ju ìlọ́po méjì ti ilé lọ.

Àfikún láti Houston

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kí àwa tó wà ní Amẹ́ríkà má baà ka ìdáhùn yìí kí a sì lọ ra ohun tí kò bá ọkọ̀ wa mu, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ìpele ni wọ́n fi ń pè é níbí. Level 1 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì 120 fóòtì lásán, tó sábà máa ń fúnni ní nǹkan bí 1.4 kW, ẹni tó ní bátìrì ńlá lè fi mọ́jú kó má rí ju nǹkan bí ogójì máìlì lọ. Level 2 ń lo 240 fóòtì, ó sì lè dé 19.2 kW, ṣùgbọ́n láàárín 7 sí 11.5 kW ni ọ̀pọ̀ ṣájà ilé wà. DC ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Level 3.

Òfin iná níbí kò gbà kí ṣájà fa ju 80% ohun tí bíréékà rẹ̀ lè gbé lọ, nítorí pé wákàtí púpọ̀ ni yóò fi máa fà á. Ṣájà 48 áńpù ń fẹ́ bíréékà 60, ti 40 áńpù sì ń fẹ́ bíréékà 50. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bíréékà 40 yóò gbé 40, ẹ wá oníṣẹ́ mìíràn.

J1772 ni púlọ́ọ̀gì AC tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò níbí tẹ́lẹ̀, CCS1 sì ni ti DC. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Tesla ṣí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní orúkọ NACS. Ford gbà láti lò ó ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, GM tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà, àwọn yòókù sì ń wọlé lẹ́yìn wọn. Nítorí náà ni àdápítọ̀ (ohun tó ń so púlọ́ọ̀gì oríṣi kan mọ́ òmíràn) ṣe pọ̀ lọ́jà. Àdápítọ̀ AC àti ti DC jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi ti AC so ọkọ̀ mọ́ ṣájà DC láéláé. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín fọwọ́ sí ni kí ẹ rà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé láti ibí: 230 fóòtì ni iná Nàìjíríà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wáyà tó bá ọkọ̀ náà wá. Bí ó bá jẹ́ 120 nìkan ni ó gbà, ẹ má fi sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú 230, wáyà ni kí ẹ pààrọ̀.

Ìbéèrè láti Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. 7 kW ni a óò rà. Ohun kan ló kù: òjò kì í dá níbí. Ṣé kò léwu láti so ó nínú òjò?

Ìdáhùn láti Manchester

Kò léwu, bí wáyà àti púlọ́ọ̀gì bá ṣáà ti pé pérépéré. Méjì nínú ihò Type 2 kéré ju àwọn yòókù lọ. Ihò àmì ni wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ àti ṣájà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣájà yóò sọ iye áńpù tí òun lè fúnni, ọkọ̀ yóò jẹ́wọ́ pé òun ti wà ní síso dáadáa, ìgbà yẹn ni iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ dá gbígba iná dúró, kí ẹ sì ṣí ọkọ̀ ná, nítorí pé ọkọ̀ máa ń ti púlọ́ọ̀gì pa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀, ẹ wo inú búùtù kí ẹ tó sanwó. Wáyà Type 2 sí Type 2 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ṣájà AC tó wà ní ojú pópó kò ní wáyà tirẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n ń tà á.