Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: níbo ni mo ti lè rí coil vape (wáyà tó ń gbóná nínú sìgá oníbátìrì) rà ní Ifẹ̀ lálẹ́ yìí?

Ọmọ_Asherifa: Ẹ kúulé o. Vape mi ti ń rùn bí aṣọ tó jóná látàárọ̀. Mo kàn gbé iná ẹ̀ sókè díẹ̀ ni, kí èéfín ẹ̀ lè pọ̀. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta coil tó dáa tí kò wọ́n? Kíákíá ni o. Mo ti fi sìgá sílẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde, mi ò fẹ́ rà á lálẹ́ yìí.

Wáyà_Mayfair: Coil wo? Ohm mélòó (bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó)? "Díẹ̀" yẹn ńkọ́, wọ́ọ̀tì mélòó ni? Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára coil. Tó bá jẹ́ 0.8 ohm, tí wọ́n kọ 12 sí 16 wọ́ọ̀tì sí i, tí ìwọ wá gbé e sí 30, òwú tó ń fa omi vape nínú ẹ̀ ti jó nìyẹn. Iná ń fa omi gbẹ kí òmíràn tó dé ibẹ̀.

Ọmọ_Asherifa: Nọ́ńbà ti parẹ́. Ó kéré, ó dúdú.

Bàbá_Sábó: Gbogbo wọn ló kéré, gbogbo wọn ló dúdú 😂 Lọ bá onífìlà yẹn ní Mayfair, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Sọ pé èmi ni mo rán ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Parakin: Ọmọ mi, èéfín lèéfín ń jẹ́. Fi í sílẹ̀ pátápátá. Tí ẹnu bá ń yún ẹ, jẹ orógbó.

Tẹ̀jútẹ̀jú: Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ coil, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ra bátìrì vape lọ́jà, 18650 tó rí roboto yẹn, wọ́n kọ 9800mAh (bí iná tó ń gbà ṣe pọ̀ tó) sí i lára. Mo jù ú sápò ṣòkòtò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọkọ̀ Iléṣà ò tíì kúrò ní gáréèjì tí itan mi fi ń jó! Gbogbo èrò bẹ́ sílẹ̀, dírẹ́bà ń pariwo pé bọ́ǹbù ni. Àpá ẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, mi ò lè wọ ṣòkòtò péńpé mọ́. Ẹ má ra nǹkan wọ̀nyí ní Ifẹ̀ o!

Ìyá_Ìbejì_Parakin: Yéè! Kí ni wọ́n fi sójú egbò náà?

Tẹ̀jútẹ̀jú: Oyin ni, mà.

Wáyà_Mayfair: Kọ́kọ́rọ́ ló jó ẹ, kì í ṣe vape. Irin tó bá kan orí àti ìdí bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gba ara ẹ̀ kọjá. Irọ́ sì ni 9800 yẹn. Kò sí 18650 tó ń gba ìdajì ẹ̀.

Tẹ̀jútẹ̀jú: Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe ti vape, kí ni mo fẹ́ fi bátìrì ṣe?

Bàbá_Sábó: Ẹ fi bátìrì sílẹ̀, coil lọmọ yìí bèèrè.

Wáyà_Mayfair: Ẹ má bínú, bàbá, wọ́n tan mọ́ra. Bí ohm bá ṣe kéré tó ló ṣe ń jẹ iná tó, èyí ló sì ń rú àwọn èèyàn lójú. Ẹ fi coil 0.15 sórí bátìrì tó kún dé 4.2 fóltì, nínú ẹ̀rọ tí kò ní ohun tó ń ká iná lọ́wọ́ kò: ampere 28 (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ojúlówó bátìrì ò tiẹ̀ gbọdọ̀ kọjá 20.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì: Kó yáa lo temperature control, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ká ooru coil lọ́wọ́ kò.

Wáyà_Mayfair: Tí wáyà inú coil ẹ̀ bá jẹ́ irin tí wọ́n ń pè ní Kanthal ńkọ́? Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohm padà tó bá gbóná. Níkẹ́lì, títánìọ́mù tàbí stainless ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ooru ṣe tó.

Aládùúgbò_Mọ́dákẹ́kẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bátìrì, inverter mi ń ké tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ta ló lè bá mi wò ó?

Wáyà_Mayfair: Asherifa, tó o bá rí coil rà, kán omi sí òwú ẹ̀, fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 10, kó o wá bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀tì tó kéré jù.

Ọmọ_Asherifa: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn ti dẹ́rù bà mí. Mo ti ra vape tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń jù nù, kò ní nọ́ńbà tí èèyàn ń yí.

Wáyà_Mayfair: Bátìrì lithium wà nínú ìyẹn náà o! Má jù ú sí ààtàn tí wọ́n ń sun.

Bàbá_Sábó: Èló lo fẹ́ ta ti tẹ́lẹ̀?

Ọmọ_Asherifa: 8,000, sà. Kò bàjẹ́ rárá, coil nìkan ló kù kí ẹ rà sí i.