Ìwé ìtàn mi dúró ní orí kẹsàn-án, wọ́n sì ní kí n mú owó wá

Aránṣọ, Ìsìkàn, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Aránṣọ ni mí níbí ní Ìsìkàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan ní Yorùbá. Ọmọbìnrin kan ni mo fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Bàbá rẹ̀ ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè. Ọjọ́ kan ni ọmọ yìí mọ̀ pé ìwọ̀n bàbá òun kò péye, pé ó ti pẹ́ tó ti ń fi rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin ló ti kún. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ ọ́, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ò lè ṣiṣẹ́.

Mo dé orí kẹsàn-án ní àsìkò ọdún Àjíǹde, mi ò sì tíì kọjá ibẹ̀. Orí kìíní ni mo kàn ń padà lọ tún kọ.

Ìṣòro mi kejì ni pé ará Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ni àwọn ènìyàn inú ìtàn mi. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́, etí mi kì í gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní bí mo bá kọ "ulé" dípò "ilé", kò sẹ́ni tó máa kà á.

Èyí tó wúwo jù ni pé ẹnì kan ní Èkó tó ní atẹ̀wéjáde lòun ka orí méjì àkọ́kọ́, ó ní ó dára gan-an. Ó ní kí n mú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà wá, kí òun tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, kí òun sì bá mi tà á. Àjọ tí mo dá ti fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rìn ín rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Atẹ̀wé, Ọ̀bà-Ilé

Àǹtí, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé kí n tó padà wálé. Atẹ̀wéjáde tó gbà pé ìwé yín á tà, owó ara rẹ̀ ló máa ná, á wá máa fún yín ní ìpín lórí èyí tó bá tà. Ẹni tó ní kí ẹ mú owó wá, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló fẹ́ bá yín ṣe. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà, bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í: ta ló máa ni fáìlì ìwé náà? Orúkọ ta ni wọ́n máa fi gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé? Ta ló máa kó ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà sílé?

Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ya ojú ìwé sí lára, ló fà á tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ̀rún kan. Owó pléètì kan náà ni, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà lẹ fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà kò nílò pléètì, ó lè tẹ 50 péré fún yín. Owó ẹyọ kan á ga díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo owó àjọ yín ò ní wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré. Ẹ lo fọ́ǹtì tó gbé Yorùbá dáadáa, bíi Charis SIL tàbí Noto Serif, kí ẹ sì sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ìwé tí gbogbo ẹ̀ àti ọ́ inú rẹ̀ di àpótí kékeré, ẹni tó ni ín sì sunkún níwájú mi.

Olùkọ́ Yorùbá, Òde Oǹdó

Ọ̀rọ̀ "ulé" ni tèmi. Ẹ fi Yorùbá àjùmọ̀lò sọ ìtàn, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sọ èdè ẹnu wọn. Ẹ kàn mú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé lè fi ojú inú mọ̀, irú bí "ulé" àti "uṣu", kí ẹ sì dúró lórí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá tó ń sọ "ulé" ní orí kejì kò gbọdọ̀ máa sọ "ilé" ní orí kẹfà, àyàfi bó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an lè di ohun tí ìtàn ń lò.

Ẹgbẹ́ wa kan, Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi rò pé kí ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ra ìwé ní Yorùbá ò pọ̀.

Màmá òǹkọ̀wé, Òde Oǹdó

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé mẹ́rin ni mo sì ti fi owó ara mi gbé jáde. Ẹni Ìjàpọ̀, ẹ má bínú, mi ò gbà. Yorùbá ni ìtàn yìí fi wá bá aránṣọ wa. Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903, ojú ọ̀nà Ifẹ̀ ló wà, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Olùkọ́ ni, iṣẹ́ yẹn ló ń fi jẹun, Yorùbá ló sì fi kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938. Àlọ́ ìyá ìyá mi àti ìwé rẹ̀ ló kọ́ mi pé gbólóhùn gbọ́dọ̀ ṣeé gbọ́ sétí. Títí dòní, mo máa ń ka orí kọ̀ọ̀kan sókè fún àbúrò ọkọ mi tí kò mọ̀wé. Ibi tó bá ti yán, mo máa ń pa á rẹ́.

Ẹgbẹ̀rún kan ni mo tẹ nínú ìwé mi àkọ́kọ́. Mi ò tà tó igba. Òjò wọ yàrá, ikán sì jẹ ìyókù. Ọdún méjì ni mi ò fọwọ́ kan bírò. Nígbà ìkejì, mo fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní alaalẹ́ Jímọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Isaac Thomas fi ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ara rẹ̀, ní 1929 sí 1930, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, kó tó di ìwé. Nígbà tí àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ìwé dà, mo tẹ 100. Mo tà á ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ní ìsọmọlórúkọ, àti fún àwọn olùkọ́. Oṣù márùn-ún ló fi tán, mo sì fi owó rẹ̀ tẹ òmíràn.

Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ló ń fúnni ní ISBN. Gbà á ní orúkọ ara rẹ. Bí ìwé bá jáde, kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn, òfin ni. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé rẹ, ìyẹn àṣẹ lórí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́, tìrẹ ni láti ọjọ́ tí o ti kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ. Má fọwọ́ sí ìwé tó máa gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Orí kẹsàn-án wá ńkọ́? Dáhùn èyí: ṣé ibẹ̀ ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n náà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo rò pé o fẹ́ràn bàbá yẹn, o sì ń ṣàánú rẹ̀. Má ṣe dá a láre, má sì sọ ọ́ di ẹranko. Jẹ́ kó ṣàlàyé ara rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí ọmọ náà dákẹ́ gbọ́. Má padà sí orí kìíní mọ́ títí ìtàn á fi parí.

Aránṣọ, Ìsìkàn, Àkúrẹ́

Ẹ ṣé o, Màmá. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni Èkó pé mi ò sanwó.

Màmá, ìbéèrè yín pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti ń kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kan ló sọ fún ọmọ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Bàbá mi ra kòkó ní Ìdànrè fún ọdún mọ́kànlélógún. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo rí i tó ń tún ọwọ́ ìwọ̀n ṣe lóru, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣì wà láyé. Mo fẹ́ lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé. Màá mú ìwé ìkọ̀wé karùn-ún dání.

Màmá òǹkọ̀wé, Òde Oǹdó

Mú ẹ̀bùn dání fún un pẹ̀lú. Kọ́kọ́ jókòó tì í, kó jẹun tán, kí o tó béèrè.