Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ́ ilé ìsinmi ìgbàlódé sórí òkè

OlówóKékeré
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Èmi àti ìyàwó mi ra ilẹ̀ kan lára òkè, nǹkan bíi mítà 1,500 sókè ìtẹ́jú òkun. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ilé ìsinmi oníyàrá mẹ́ta la fẹ́ kọ́ síbẹ̀: òrùlé pẹrẹsẹ, dígí láti ilẹ̀ dé àjà, kí èèyàn jókòó sí pálọ̀ kó máa wo àfonífojì. Ayàwòrán ilé tí a bá sọ̀rọ̀ ní ká kọ́kọ́ gé ara òkè náà kó lè tẹ́jú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe é?

BàbáBíríkìlà
Ọ̀gá mi, ẹ dá katakata dúró ná. Tí ẹ bá gé òkè, ẹ ti jẹ gbèsè ògiri, torí erùpẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé á fẹ́ ya wálẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ògiri tó máa dá a dúró. Kì í sábà jẹ́ pé bùlọ́ọ̀kù ò lágbára ló ń wó irú ògiri yẹn. Omi tó há sẹ́yìn rẹ̀ ló ń tì í. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ láyé mi, mi ò lu ihò sí i, mi ò da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ẹ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta péré, ó yọ ikùn síta bí aboyún. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ilé náà tẹ̀lé òkè. Ẹ lè ṣe ìpìlẹ̀ tó ń gùn bí àtẹ̀gùn, tàbí kí ẹ gbé ilé lé òpó, kí omi máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ẹ tó yan ọ̀kan. Àpáta lè wà ní mítà kan níbí, kó jẹ́ erùpẹ̀ rírọ̀ lẹ máa bá lọ́hùn-ún.

Awọnlẹ̀Tẹ́lẹ̀
Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gidi. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ dúró síbi tí pálọ̀ máa wà, ẹ wo ọ̀nà tí omi ń gbà, kí ẹ fi èèkàn sàmì sí i. Ẹ wo igi pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí i tí ìdí púpọ̀ nínú wọn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ yẹn máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ṣadé_K
Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀nà! Níbi tèmi, típà ò lè gun òkè náà, ìsàlẹ̀ ló da gbogbo bùlọ́ọ̀kù sí. Orí la fi rù ú. Ẹ la ọ̀nà kí ẹ tó ya ilé, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè tí mọ́tò ńlá lè ti yí.

ÌyáÌbejì
Ọ̀rọ̀ dígí ni tèmi. Bí a ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, nǹkan bí 6.5°C fún mítà 1,000, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ara dígí ni ooru ilé ń gbà jáde. Ẹ ra oníbejì, èyí tí afẹ́fẹ́ há sáàárín. Ẹ má sì fi yí gbogbo ilé ká: ojú kan ṣoṣo tí àfonífojì wà ti tó. Tó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni ojú náà kọ sí, ẹ na etí òrùlé síta dáadáa kí ẹ sì fi aṣọ sí i, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé tààrà. Oòrùn orí òkè sì mú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Àwọ̀ àga yín á ṣí kí ẹ tó mọ̀.

OlówóKékeré
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n, òrùlé pẹrẹsẹ ńkọ́? Ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì.

BàbáBíríkìlà
Kò sí òrùlé tó pẹrẹsẹ tán, ó gbọ́dọ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi lè ṣàn. Ẹ rántí Fallingwater ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, ilé ìsinmi tí Frank Lloyd Wright ya àwòrán rẹ̀ ní 1935. Àwọn tó ni ín rò pé wọ́n á máa jókòó wo omi tó ń já, ó gbé ilé lé omi náà lórí. Ẹwà ẹ̀ ò láfiwé, àmọ́ ó jò, fàráńdà ẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fi okùn irin fà á ní 2002.

ÌyáÌbejì
Ẹ gbe omi òrùlé yẹn o. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 120, lítà 1,200 ni. Ẹ gbé táǹkì sókè ilé, kí ihò ìgbẹ́ wà nísàlẹ̀, kó jìnnà sí kànga.

Ṣadé_K
Ẹ fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè ti omi gbogbo ilé pa sí ẹnu ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta ni páìpù kan fi ń kán sí ilé ìdáná mi tí mi ò sí níbẹ̀.

OlówóKékeré
Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ayàwòrán ilé, ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ bí òjò bá ti ṣú. Bàbá, ṣé ẹ ní fọ́tò ògiri yẹn kí n fi hàn án?

BàbáBíríkìlà
Mo ní. Àmọ́ ó ti dùbúlẹ̀ nínú fọ́tò náà.