"Àfọwọ́ká" ni, kì í ṣe "àfọwọ́kà": ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù Anson

Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàálù Avro Anson, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, láàárọ̀ pe àwọn táyà rẹ̀ ní "ẹsẹ̀ àfọwọ́kà". Ẹ jọ̀ọ́, ohùn òkè ọ̀rọ̀ yẹn dà? Owó ẹyọ ni a ń fọwọ́ kà. Ẹsẹ̀, kíká ni wọ́n ń ká a bí bàálù bá ti gbéra, bí ẹni tó jókòó sórí ẹní ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò kí àlejò lè kọjá.

Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní "àfọwọ́yí". Rárá o. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n ń yí. Ẹsẹ̀ kì í yí, ńṣe ló ń ká wọ ilé ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀, ìgbà 144 ni wọ́n sì máa yí irin náà kó tó wọlé, síbẹ̀ etí táyà á ṣì yọ síta. Bí ìrìn bá kúrú, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa kọlù ú, eré bàálù á sì fi nǹkan bíi máìlì 30 dín ní wákàtí kan. Ta ni yóò bá a wí?

"Àfọwọ́" gan-an kò bá gbogbo Anson mu. Mk I, irú àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1936 ló ni ín: ẹ́ńjìnì Cheetah IX méjì, agbára ẹṣin 350 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí Cheetah dé Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Anson pẹ̀lú, bó ṣe yẹ, wọ́n fi ẹ́ńjìnì Jacobs ti Amẹ́ríkà, agbára ẹṣin 330, sínú Mk II. Ti ìyẹn, epo inú páìpù ló ń ti ẹsẹ̀ wọlé. "Àfepoká" nìyẹn, bí ẹ bá bi mí.

"Bàálù ìbejì" tí olùtúmọ̀ tún pe Anson wá burú jù. Ọmọ méjì ni ìbejì. Bàálù kan ṣoṣo nìyí, ẹlẹ́ńjìnì méjì. Àwọn àgbà tó sọ rélùwéè ní ọkọ̀ ojú irin wo ibi tó ń gbà kọjá kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

*Èsì olùtúmọ̀:*

Ẹ kú làákàyè, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Anson ní, ti ìdí kì í sì ká. Ṣé ẹ ó yọ ìyẹn kúrò lára ẹsẹ̀ ni? Àti pé ẹni tó ń yí irin ní ìgbà 144, tí kò bá kà á, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ku mélòó? "Àfọwọ́kà" mi dúró.